Yàrá Olójú Fèrèsé Méjì

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Màmá mi,

Mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àárò wa. Màmá Àgbà ní kí n kí yín dáadáa kí n tó sọ ohunkóhun, torí ó ní tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ àròyé, n kì í rántí ìkíni mọ́. Ó dáa, mo ti kí yín.

Ẹsẹ̀ Màmá Àgbà ṣì ń wú. Láàárọ̀ á fẹ̀ẹ́ dáa, tó bá di ìrọ̀lẹ́ á tún wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ó ní kí n má kọ ọ́ sí yín. Mo ti kọ ọ́.

Ẹ ní kí n yéé pè yín lórí fóònù Bọ̀ọ̀dá Bíríkìlà, pé ẹkún lásán la fi ń sun káàdì, kí n máa kọ lẹ́tà kí ọ̀rọ̀ mi lè já gaara. Ẹ ṣáà mọ̀ pé mi ò kàwé tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ Màmá Àgbà, bírò kì í pẹ́ lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ fojú fò ó, ẹ má fi sọ̀rọ̀.

Ilé ẹ̀yìnkùlé ti lórùlé. Nígbà tí wọ́n kan páànù ìkẹyìn tán, Bọ̀ọ̀dá Bíríkìlà dúró lókè ó ń jó. Màmá Àgbà ń pariwo nísàlẹ̀ pé, "Ìwọ ọmọ yìí, tí o bá já bọ́, mi ò lẹ́sẹ̀ tí mo máa fi sáré gbé ọ o!" Àbúrò yín kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń jó lọ.

Yàrá méje tò bí eyín, gbogbo wọn lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ìkẹjọ wà ní ìpẹ̀kun lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyẹn lójú fèrèsé méjì, ọ̀kan kọjú sí igi, ọ̀kan kọjú sí ọ̀nà. Mo bi Bọ̀ọ̀dá pé kí ló dé tí tìyẹn fi yàtọ̀. Ó ní, "Ìyá ẹ ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀. Èmi ń to búlọ́ọ̀kù ni, mi ò béèrè ọ̀rọ̀."

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo wọ ibẹ̀, mo dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ṣì tutù. Atẹ́gùn gba ojú fèrèsé kan wọlé, ó gba ìkejì jáde, ó kọjá lórí ikùn mi. Màmá, mo fẹ́ yàrá yẹn. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, orí ẹní ni mò ń sùn, lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Màmá Àgbà, Màmá Àgbà sì ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ fún mi ní yàrá kan, ẹ jọ̀ọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ẹ sọ pé tí ilé bá kún, ẹ ó wálé. Ọdún kẹfà nìyí. Ṣé òótọ́ ni, àbí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tan ọmọdé ni? Ìkejì: kí lẹ máa ń rí láti ojú fèrèsé yàrá yín lọ́hùn-ún? Ẹ ò sọ fún mi rí.

Èmi ọmọ yín, tí inú ń bí díẹ̀.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Ó bá mi lẹ́nu iṣẹ́, mo fi sápò, mo ń fọwọ́ kàn án títí iṣẹ́ fi parí. O kú ìtọ́jú Màámi. Èyí tí ò ń ṣe yìí, ọmọ rẹ náà yóò ṣe é fún ọ. Máa fi omi gbígbóná àti iyọ̀ sí ẹsẹ̀ náà, kó sì yéé dúró pẹ́ níbi tí kò kàn án.

Àbúrò mi ní ò ń bi òun pé kí ló dé tó fi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ la fẹ́ fi ilé náà háyà fún, pé kí ló ṣe tí a ò fi gba tọkọtaya. Jókòó kí n sọ fún ọ. Ilé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, alájà mẹ́rin ni, akẹ́kọ̀ọ́ ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Èmi ni mò ń gbá kọ́rídọ̀, èmi ni mò ń fọ ilé-ìdáná. Nínú ilé-ìdáná yẹn, kálukú ló ń kọ àmì sára ẹyin rẹ̀, kó tó di àárọ̀ ẹlòmíràn á ti dín in jẹ. Mi ò rí onílé yẹn rí. Ọ̀gá tó ń bá a mójú tó ilé gan-an kò rí i rí. Wọ́n ní àwọn onílé náà pọ̀, pé wọ́n da owó jọ ni, kálukú ra ìwọ̀n yàrá tí agbára rẹ̀ ká, wọ́n wà lókèèrè. Wọn ò mọ àwọ̀ ilẹ̀kùn tí wọ́n ni. Síbẹ̀ owó ń wọlé tọ̀ wọ́n lọ níbi tí wọ́n jókòó sí.

Mo gbá ilé yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú mi tó là. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í tán. Bí àwọn kan ṣe ń gbé àpótí jáde làwọn mìíràn ń gbé e wọlé. Ìdílé lè jẹ owó ilé mọ́ ọ lọ́wọ́, kó bímọ lé ọmọ, kó sọ ilé di tirẹ̀. Ti akẹ́kọ̀ọ́, òbí ló ń san án, ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan, kó tó tẹ́ fóòmù sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n sì wá kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí kò ní ká ilé rẹ̀ lọ lọ́la. Ẹ̀yìnkùlé bàbá mi tí wọ́n ń pè ní igbó lójọ́sí, ibẹ̀ lọ̀nà ọ̀fíìsì wọn gbà kọjá báyìí.

Nípa yàrá tí o ní o fẹ́: rárá. Má fojú sí i. Kò sí yàrá ẹbí nínú ilé yẹn. Ilẹ̀kùn tí a bá kàn níbẹ̀, ayálégbé la kàn án fún. Tí mo bá fún ìwọ ní ọ̀kan, lọ́la àbúrò mi á ní òun náà fẹ́, lọ́tùn-únla àna rẹ̀ á ti gbé ẹrù dé. Ilé tó yẹ kó bọ́ wa, àwa la ó wá máa bọ́ ọ.

Kọ́kọ́rọ́ kan, ilẹ̀kùn kan. Ẹ kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé tọ̀ wọ́n. Ẹ má pè wọ́n jẹun. Wọn kì í ṣe ẹbí.

Bẹ́ẹ̀ ni, tí ilé bá kún, màá wálé. Mi ò tan ọmọ rí.

Ìyá rẹ tí kò gbàgbé rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo kọ lẹ́tà kan sí yín ṣáájú èyí, mo ya á. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò dáa.

Mo ti gbọ́. Mo fi èédú kọ ọ́ sára ògiri níbi tí mò ń tẹ́ ẹní sí: KÒ SÍ YÀRÁ ẸBÍ. Kí n lè máa rí i tí mo bá jí, kí ojú mi má wọ nǹkan tí kì í ṣe tèmi mọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wọlé. Yàrá márùn-ún ti lẹ́ni. Mo kọ pátákó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n rí àṣìṣe méjì níbẹ̀, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sanwó. Láńléèdì Kékeré ni wọ́n ń pè mí. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ ni o! "Láńléèdì Kékeré, omi ò yọ." "Láńléèdì Kékeré, eku wà ní yàrá mi." Mo ní, "Ṣé èmi ni mo bí eku náà?"

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá Àgbà ti sú mi, ẹ bá mi dá sí i. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń ta gìtá, ìta burúkú. Gìtá la ń pè é. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ sun ilé, ó ti nǹkan orin bọ etí, ó kọjá níwájú Màmá Àgbà fìrì. Màmá Àgbà ní, "Ìwọ! Padà wá. Ṣé ilé tí wọn kì í ti í kí èèyàn ni wọ́n ti bí ọ ni?" Ẹ̀rù ba ọmọ ọlọ́mọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gìtá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yí síwájú, ó gbá a lórí gbàà. Láti ìgbà náà, ìkíni rẹ̀ ti pọ̀ jù. Tó bá ń lọ sílé ìtọ̀ á ní, "Ẹ káàsán mà, mò ń lọ mo ń bọ̀ mà."

Màmá Àgbà ń wọ yàrá wọn. Ó ń gbá a. Ó ń jí wọn pé wọ́n ní ìdánwò. Orí fọ́ ọ̀kan, ó gbé omi ìrẹsì lọ bá a tòun ti ẹsẹ̀ wíwú. Mo ní, "Màmá Àgbà, Màmá ní kí ẹ máa kan ilẹ̀kùn ná." Ó ní, "Ilẹ̀kùn ọmọ mi ni mo fẹ́ kàn? Ẹni tó bá sun inú ọgbà mi, ọmọ mi ni."

Orí mi ti dàrú o, Màmá. Ẹ̀yin ní wọn kì í ṣe ẹbí. Màmá Àgbà ní ọmọ òun ni wọ́n. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ gan-an, orí ẹní ni mo wà.

Bọ̀ọ̀dá Bíríkìlà ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ó kó sìmẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù sí yàrá ìpẹ̀kun, ó tì í, ó fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ sí yàrá Màmá Àgbà, kò sọ ohunkóhun.

Ẹ ò tíì sọ ohun tí ẹ ń rí láti ojú fèrèsé yín fún mi.

Láńléèdì tí kò nílé.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Màámi. Mo rẹ́rìn-ín nítorí ọ̀rọ̀ gìtá yẹn títí ẹni tó ń fọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi bi mí pé ṣé kò sí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Bá mi bẹ Màámi. Kí ó jáde nínú yàrá àwọn ọmọ olówó. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ibí, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà lókè tí kì í jáde. Mo máa ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ tí mo bá ń gbá kọ́rídọ̀. Mo kan ilẹ̀kùn, mo gbé tíì lọ fún un. Ọ̀gá pè mí, ó ní, "Kọ́rídọ̀ ni iṣẹ́ rẹ. Ibi tí ilẹ̀kùn bá ti bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ rẹ parí síbẹ̀." Ojú tì mí. Mo ti kọ́ ọgbọ́n láti ọjọ́ náà. Bí ilé ṣe ń mówó wá nìyẹn: kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹnikẹ́ni. Bí Màámi bá sọ wọ́n di ọmọ, ọjọ́ tí ọ̀kan bá ní òun ò lówó, ta ló máa lè sọ pé kó jáde?

O ní márùn-ún ti lẹ́ni. Ó ku díẹ̀. Ọjọ́ tí ilé bá kún, kọ̀wé sí mi, má jẹ́ kí ó di ọ̀la. Mo ti ń bá ọ̀gá sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé mo fẹ́ máa lọ. Ọkàn mi ti wà nílé, ara ló kù níbí.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà

Màmá mi! Màmá mi! Màmá mi!

Ẹ jẹ́ kí n kí yín tó, kí n tó ya wèrè. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ilé kíkún!

Ilé ti kún. Gbogbo rẹ̀.

Àwọn méjì ló gba yàrá kẹfà àti ìkeje láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo fẹ́ kọ̀wé nígbà náà, mo wá rò ó pé kò tíì kún, ilẹ̀kùn kan ṣì wà. Ẹ̀yin lẹ ní ilẹ̀kùn tí a bá kàn níbẹ̀, ayálégbé la kàn án fún. Mi ò fẹ́ kí ẹ rí àwáwí kankan.

Ni ọmọbìnrin kan bá dé, nínú òjò, àpótí lórí, bàtà lọ́wọ́. Ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní onílé tòun ti gba owó lọ́wọ́ òun, ó tún gba tẹlòmíràn lórí yàrá kan náà, pé ẹni tó kọ́kọ́ dé ló wọlé. Ó ń gbọ̀n. Màmá Àgbà ti fi aṣọ bò ó kí n tó sọ pé kò sí yàrá. Mo wo Màmá Àgbà, Màmá Àgbà wo èmi. Mo ní, "Dúró ná."

Èmi àti Gìtá la kó sìmẹ́ǹtì jáde. Gbogbo ara wa funfun bí ẹni tó ti inú sàréè jáde. Mo gbá ibẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo nu ojú fèrèsé méjèèjì. Màmá, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kí n tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún un, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi díẹ̀. Mo dúró láàárín, atẹ́gùn tún kọjá lára mi. Ó dùn mí wọ egungun. Mo wá sọ fún ara mi pé bíbọ̀ ìyá mi dára ju ojú fèrèsé lọ. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo gbé kọ́kọ́rọ́ fún un. Ó san ti ọdún kan pé, bí ẹ ṣe wí.

Nọ́ọ̀sì là ń pè é báyìí. Ó ń fọwọ́ pa ẹsẹ̀ Màmá Àgbà ní ìrọ̀lẹ́, ó mọ ibi tó ń dùn ún. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹbí.

Ilé ti kún, Màmá. Kò ku ilẹ̀kùn kan ṣoṣo. Nígbà wo lẹ ń bọ̀? Ṣé kí n wá pàdé yín?

Ọmọ yín tí inú rẹ̀ dùn, ẹ wo bó ṣe rí!


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ

Màmá mi,

Ẹ kú àtijọ́. Ṣé ara yín le?

Mo ń lọ sílé-ìfìwéránṣẹ́ títí akọ̀wé ibẹ̀ fi ń mi orí sí mi láti òkèèrè, kí n má wulẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo pè yín lórí fóònù obìnrin aránṣọ ìta wa, ó dún títí, ẹ ò gbé e. Màmá Àgbà ní bóyá ẹ ti wà lọ́nà. Ó ti fọ aṣọ ìbora kan sílẹ̀ fún yín. Ó ń sá a sóòrùn, ó ń ká a wọlé.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí kò yé mi. Bọ̀ọ̀dá Bíríkìlà dé láti ibi iṣẹ́. Ó ń bá mi ṣàwàdà, ó ń rìn lọ sẹ́yìnkùlé, ó wá rí aṣọ Nọ́ọ̀sì lórí okùn níwájú yàrá ìpẹ̀kun. Ó káwọ́ lérí. Ó ní, "Ta ló ní kí o ṣí ibí?" Mo ní ẹ̀yin ni. Ó ní, "Ìyá ẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo gbé lẹ́tà yín jáde, mo kà á fún un, ibi tí ẹ ti ní kò sí yàrá ẹbí. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Kí ìyá ẹ fúnra ẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ju ẹnu mi lọ." Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Bọ̀ọ̀dá tó máa ń jẹ tèmi mọ́ tiẹ̀!

Kí ni mo ṣe? Ẹ ní kí ilé kún, mo mú kó kún. Ẹ ní kí n má fojú sí i, mi ò fojú sí i. Kí ló tún kù? Tí ẹ bá ní ẹ ò bọ̀ mọ́, ẹ kàn sọ ọ́. Mi ò kéré mọ́. Mo lè gbọ́ ọ.

Ọmọ yín, tí kò mọ ohun tó ṣe.


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹjọ

Ọmọ mi,

Má bínú pé mo pẹ́. Mo ti kọ lẹ́tà yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Inú kọ́kọ́ bí mi sí ọ, nígbà tó yá inú bí mi sí àbúrò mi, nígbà tó tún yá mi ò mọ ẹni tí inú ń bí mi sí mọ́.

Yàrá olójú fèrèsé méjì yẹn, tèmi ni. Tèmi àti tìrẹ.

Èmi ni mo ní kí àbúrò mi má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ bá yín lójijì. Mo ti rí i lọ́kàn mi bí yóò ṣe rí: ìwọ á mú mi yíká ẹ̀yìnkùlé, o máa fi yàrá méje hàn mí, wàá ní ìkẹjọ ìpamọ́ sìmẹ́ǹtì ni. Màá ṣí i. Màá ní, "Ó yá, lọ gbé ẹní rẹ wá." Yàrá méje ni mò ń kà nígbà tí mo ní kí ilé kún. Mi ò ka ìkẹjọ rí. Mo sì kọ ọ́ sí ọ pé kò sí yàrá ẹbí, kí o má baà fura. Mo kọ ọ́ le jù. Ọ̀rọ̀ tí mo fi bo àṣírí ló bo èmi náà mọ́lẹ̀.

Ò ń bi mí léraléra pé kí ni mò ń rí láti ojú fèrèsé mi. Mi ò dáhùn, torí yàrá mi kò ní fèrèsé. Inú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí náà ni mò ń gbé, lábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Tí ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí yí, bẹ́ẹ̀dì mi á máa rìn. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ yẹn lórí mi ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó jẹ́ méjì. Mo ní kí n lè sùn kí n máa rí igi lápá kan, kí n máa rí ẹni tó ń bọ̀ lápá kejì.

Nígbà tí mo ka ibi tí o ti ní o ti gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọmọ yẹn, mo ní: ó parí. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ilé láìsí mi. Ilé kún lóòótọ́, kò ku ibi tí màá fẹsẹ̀ sí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ bí ó ṣe ṣe mí.

Má lé e. Mo ti rí ẹrù ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bàá títì rí, mo ti gbá ìdọ̀tí rẹ̀. Kó lo ọdún rẹ̀ pé. Èmi náà á lo ọdún kan sí i níbí. Mo ti sọ fún ọ̀gá pé kó má tíì wá ẹlòmíràn.

Bá mi kí Màámi. Má sọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àtẹ̀gùn fún un.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹwàá

Màmá mi,

Mi ò fẹ́ kí yín. Mo kí yín. Ẹ kú àìsùn.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àtẹ̀gùn fún Màmá Àgbà. Gbogbo lẹ́tà yín ni mo kà fún un, mi ò fo ẹyọ kan. Ẹ ti fi nǹkan pamọ́ fún mi tó.

Ṣé báyìí ni wọ́n ń ṣe? Ẹ fi yàrá ṣe ìpamọ́, ẹ wá fi ẹnu yín tì í mọ́ mi, ẹ tún wá ń bínú pé mo gbọ́ràn! Mo sunkún títí Gìtá fi gbé gìtá rẹ̀ sílẹ̀, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Lẹ́yìn náà mo lọ bá Nọ́ọ̀sì. Mi ò lé e o. Mo kàn ní kí n wo yàrá náà. Ó rí ojú mi, ó bi mí, mo sọ fún un, ló bá fa àpótí yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní òun ò lè sùn sórí oorun ìyá ẹlòmíràn. Mo ní kó dúró, ó ní rárá. Ariwo wa ló mú Màmá Àgbà wá, tòun ti ọ̀pá. "Ta ló ń di ẹrù nínú ọgbà mi?" Ó ní kí Nọ́ọ̀sì tú ẹrù náà, kó sì wá fọwọ́ pa ẹsẹ̀ òun, pé ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́.

Ibi tó ti ń pa ẹsẹ̀ yẹn ni mo ti ka lẹ́tà. Nígbà tí mo dé ibi àtẹ̀gùn, Màmá Àgbà ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì. Ó wá ní, "Ọmọ mi ló ń sùn lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ èèyàn." Ó tún ní, "Orí bẹ́ẹ̀dì tèmi yìí ni mo ti tọ́ ìyá rẹ. Ta ló sọ fún un pé ó ti kéré? Pe bíríkìlà wá fún mi."

Màmá, yàrá Màmá Àgbà kò ní ju ojú fèrèsé kan lọ, èyí tó kọjú sí ọ̀nà. Bọ̀ọ̀dá gbé òòlù dé. Ó ní, "Màámi, ògiri yìí, bàbá wa ló mọ ọ́n o." Màmá Àgbà ní, "Bàbá yín ò sùn lábẹ́ àtẹ̀gùn rí. Lù ú." Ẹ mọ ibi tó kọ́kọ́ lù? Ibi tí mo kọ ọ́ sí. KÒ SÍ YÀRÁ ẸBÍ. Ibẹ̀ gan-an ni igi máńgòrò wà lódì kejì. Yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló jáde wá kó àlàpà, ayálégbé tí kì í ṣe ẹbí yín. Gìtá ń kọrin, a bẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́, kò dákẹ́. Nọ́ọ̀sì gé aṣọ ojú fèrèsé tirẹ̀ sí méjì, ó ní òun ti yá ojú fèrèsé lọ́wọ́ yín, kí òun ti san díẹ̀ níbẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá fẹ́ gbé férémù sí i kó sì fi gíláàsì sí i lọ́jọ́ náà. Mo ní rárá. Mo ní kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi dé, ẹ̀yin lẹ máa sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí. Bọ̀ọ̀dá ní mo ti ya wèrè. Nítorí náà, ihò lásán ló wà níbẹ̀. Ẹ̀fọn ń wọlé. Alángbá wọlé lánàá, ó wo Màmá Àgbà, ó jáde. Òjò sì rọ̀ láàárọ̀ yìí, ó bá èmi àti Màmá Àgbà lórí bẹ́ẹ̀dì tí a jọ ń sùn báyìí, Màmá Àgbà bú mi, ó bú Bọ̀ọ̀dá, ó bú ẹ̀yin náà. Ó wá sún mọ́ ògiri. Mo ní kó fún mi láyè. Ó ní kí n dúró sí etí bẹ́ẹ̀dì, pé àárín kì í ṣe tèmi, tiyín ni.

Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé kó wá ẹlòmíràn. Ẹ ní tí ilé bá kún. Ó ti kún ju bó ṣe yẹ lọ, ó ti ń jò. Ẹ máa bọ̀ wá dí ihò yìí.

Ọmọ yín, ní etí bẹ́ẹ̀dì.